Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Ṣe Fàájì Nínú Odi Ìnilára?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní òkè òkun, ó sì kan àwa náà tí a máa ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ rin ìrìn-àjò ìgbafẹ́, tí ó lọ wo ilé àtijọ́ kan tí ó lẹ́wà, tí ó sì gbọ́ pé omijé àwọn ẹlòmíràn ni a fi po amọ̀ ilé náà, ǹjẹ́ ayọ̀ tí ó ń yọ̀ níbẹ̀ tọ́, tàbí kò tọ́? Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à dàbí ẹni tí ń na ìka sí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ibi kan pàtó tí a lè fi ojú rí. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Wales, ọ̀nà kan wà tí ó gba etí òkun lọ láti ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé erékùṣù Anglesey, tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń pè ní Ynys Môn. Gígùn ọ̀nà yìí tó máìlì 75. Òmíràn sì wà tí ó gba etí òkun ti ìwọ̀-oòrùn lọ, èyí tí ó tó máìlì 180. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀nà ti àríwá yóò rí òkun ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì rí òkè ńláńlá ní ọwọ́ òsì. Ní Penmaenmawr òkè náà sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti gbẹ́ inú àpáta kí ọ̀nà tó lè kọjá. Ní Conwy, láti ọdún 1991 wá, abẹ́ odò ni ọ̀nà ńlá náà gbà kọjá.

Ọ̀nà yìí ni a ń polówó fún àwọn tí ó lówó lọ́wọ́. A ó yá wọn ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye, tí ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí. Wọn yóò sùn nínú ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ tí a ti sọ di ilé àlejò. Ẹlòmíràn ni yóò gbé ẹrù wọn wọlé, ẹlòmíràn ni yóò sì tẹ́ tábìlì fún wọn. Ní òní wọn yóò wo ilé olódi ti Conwy, ní ọ̀la ti Beaumaris, ní ọ̀túnla ti Caernarfon, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Harlech. Ní tòótọ́, ẹwà wà níbẹ̀. Ilé ìṣọ́ mẹ́jọ ni ó yí Conwy ká, odi ìlú náà sì dúró síbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú ilé ìṣọ́ 21. Orí àpáta ni Harlech wà, tí ó ń wo òkun láti òkè wá. Ní ọdún 1986 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ àwọn odi mẹ́rin yìí sínú ìwé àwọn ohun ìjogún gbogbo ayé.

Nígbà náà, kí ni ìdí tí a fi kọ́ wọn? Ní ọdún 1282 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Llywelyn ap Gruffudd, aládé Wales. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà a pa Llywelyn. Ní ọdún 1283 a mú Dafydd, arákùnrin rẹ̀, a sì fi ikú oró pa á ní Shrewsbury. Ní àkókò yìí ni ọba ń kọ́ odi yí orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣẹ́gun ká, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1283 kan náà ni a fi ìpìlẹ̀ Conwy, Caernarfon àti Harlech lélẹ̀. Ní Conwy, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan wà, níbi tí a sin Llywelyn Ńlá sí, ẹni tí ó kú ní ọdún 1240, tí àwọn ará Wales sì bu ọlá fún gidigidi. Ọba kó àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà kúrò lọ sí Maenan, ó sì kọ́ odi rẹ̀ sí àdúgbò wọn. Ilé ìsìn wọn ni ó di ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tuntun náà, ó sì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ohun tí ọba fẹ́ wí kò fara sin: ó fi odi rẹ̀ jókòó lé orí ibojì bàbá wọn.

Bákan náà ni ó rí ní Beaumaris. Lẹ́yìn tí Madog ap Llywelyn ti ṣọ̀tẹ̀ ní ọdún 1294, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti kọ lu Caernarfon tí wọ́n dáná sun ún, ọba pàṣẹ ní ọdún 1295 pé kí a kọ́ odi tuntun sí Anglesey. Ìlú ọlọ́jà kan wà nítòsí ibẹ̀, Llanfaes ni orúkọ rẹ̀. A kó àwọn ará ìlú náà kúrò ní ilé wọn lọ sí ìhà kejì erékùṣù náà, sí ibi tí a ń pè ní Newborough títí di òní. Nínú ìlú tuntun ọba, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ilé àti ilẹ̀ fún. Ará Wales lè wọlé wá ní ọ̀sán láti tà àti láti rà, ṣùgbọ́n òfin kò fún un láyè láti jẹ́ onílé níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn tí a ṣẹ́gun nìkan ni odi wọ̀nyí ni lára. Láti oríṣiríṣi agbègbè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti fi àṣẹ kó àwọn tálákà wá láti gbẹ́ kòtò àti láti ru òkúta. Ní oṣù Kejì ọdún 1296, Ọ̀gá James ti St George, olórí àwọn ọ̀mọ̀lé ọba, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Savoy wá, kọ ìwé láti Beaumaris sí àwọn olùtọ́jú ìṣúra ọba. Ó ka iye àwọn òṣìṣẹ́ fún wọn: àwọn tí ń gbẹ́ òkúta àti àwọn tí ń tò ó jẹ́ 400, àwọn alágbàṣe jẹ́ 2,000, àwọn tí ń wa òkúta nínú ilẹ̀ jẹ́ 200, kẹ̀kẹ́ ẹrù kéékèèké jẹ́ 100, àwọn ńláńlá jẹ́ 60, ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ 30. Ó sì fi yé wọn pé owó iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti pẹ́ kí a tó san án, àti pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi gbé ara wọn ró. Nígbà tí ó ṣe, owó ọba lọ sí ogun Scotland, a kò sì parí Beaumaris títí di òní. Àlejò tí ó dúró níbẹ̀ tí ó ń yin bí a ti to òkúta lẹ́sẹẹsẹ, òkúta ẹni tí ebi ń pa ni ó ń yìn.

Ṣùgbọ́n ilé kan ṣì kù lójú ọ̀nà yìí tí ó kan àwa ènìyàn dúdú ju ìwọ̀nyí lọ. Penrhyn ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lẹ́bàá ìlú Bangor, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Bí o bá wò ó, ìwọ yóò rò pé ó ti wà láti ayé àwọn ọba jagunjagun. Bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín ọdún 1820 àti ọdún 1840 ni Thomas Hopper kọ́ ọ fún George Hay Dawkins-Pennant. Ibo ni owó náà ti wá? Ọ̀nà méjì ni. Èkínní ni oko ìrèké ní Jàmáíkà. Richard Pennant, ẹni tí George jogún rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1808, ní oko àti ẹrú ní erékùṣù náà. Òun ni ó sì ń ṣojú ìlú Liverpool nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, níbi tí ó ti dìde láti gbèjà òwò ẹrú. Nígbà tí a fi òfin dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1833, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya £20,000,000 sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó ẹrú nínú. George Dawkins-Pennant gba ohun tí ó lé ní £14,000 lórí àwọn ènìyàn 764. Àwọn 764 náà kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kejì ni òkúta síléètì, irú èyí tí àwọn òbí wa fi kọ́ ìwé kíkọ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì fi ń bo òrùlé. Ní Bethesda, níbi tí kò jìnnà sí ilé náà, ni ibi ìwakùsà ńlá ti ìdílé Pennant wà. Owó tí ó ti Jàmáíkà wá ni Richard Pennant fi mú un gbòòrò, tí ó fi la ọ̀nà, tí ó sì fi kọ́ èbúté. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1900, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n tó 2,800 fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé Olúwa Penrhyn ti ìgbà náà kò gbà kí ẹgbẹ́ wọn ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìjà náà gbà. Ebi dé, ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ wá iṣẹ́ nínú ibi ìwakùsà èédú ní gúúsù, àwọn kan padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí kò padà sì lẹ ìwé mọ́ fèrèsé wọn pé kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ilé àwọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1903 ni a ṣẹ́gun wọn. Ìkorò ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán: a rí àwọn ará Bethesda tí kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ wọn tẹ ilé Penrhyn láéláé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1951 ni ilé náà ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé náà, tí ó sì ti di ti ẹgbẹ́ tí a ń pè ní National Trust, tí ẹnikẹ́ni sì lè san owó wọlé.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Oríṣi ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́.

Ìdáhùn kìíní wí pé: Má lọ. Bí ilé kan bá ti jẹ́ ti ìnilára, ẹni tí ó lọ ṣe fàájì níbẹ̀ ti bá aninilára jẹun. Èmi kò ní fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ebi sùn ní Bethesda ní ọdún 1902, tí ó sì wí pé òun kò ní wọ Penrhyn, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣọ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Odi kò ní ẹnu. Bí kò bá sí ẹni tí ó lọ, tí kò sí ẹni tí ó bi í, ìtàn náà yóò kú, àǹfààní ikú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ẹni tí kò fẹ́ kí a sọ ọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibo ni a ó dúró sí? Bí a bá kọ Penrhyn nítorí ẹrú, a ó kọ Conwy nítorí ogun, a ó kọ ọ̀nà ńlá nítorí ẹni tí ó là á, a ó kọ èbúté nítorí ẹrù tí ó gbà. Ilé ńlá tí kò ní òógùn ẹlòmíràn nínú ṣọ̀wọ́n lábẹ́ ọ̀run.

Ìdáhùn kejì wí pé: Òkú ti kú, òkúta kò dẹ́ṣẹ̀. Èmi kò na ẹnikẹ́ni ní pàṣán. Mo ti ṣiṣẹ́ láti oṣù dé oṣù, mo fẹ́ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n wo òkun mi ní àlàáfíà. Òtítọ́ wà nínú èyí pẹ̀lú. Òkúta kò jẹ̀bi. Òkun sì ti wà níbẹ̀ kí Edward tó jọba. Kò sì bójú mu kí a máa fi ẹ̀bi ẹni tí ó ti kú di ẹrù rù ẹni tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè. Ọmọ tí ó jogún ilé bàbá rẹ̀ kò jẹ̀bi bí bàbá náà ti rí ilé náà. Síbẹ̀, bí ó bá ń gbé inú rẹ̀, kò lè wí pé ọ̀rọ̀ bí a ti rí i kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni arìnrìn-àjò. Kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú èso iṣẹ́ àwọn kan tí a kò san owó wọn fún, ó kéré tán ó jẹ wọ́n ní gbèsè pé kí ó mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó ń jẹ iṣu kò gbọdọ̀ bínú nígbà tí a bá dárúkọ àgbẹ̀.

A sì rí i pé àwọn kan a máa bínú. Ní ọdún 2020, National Trust tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ nípa àwọn ilé tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ tí owó òwò ẹrú tàbí owó ìjọba amúnisìn wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i. Kí ni wọ́n ń bínú sí? Kò sí ẹni tí ó wó ilé kan. Kò sí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kan mọ́ wọn. A kàn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Níbí yìí ni mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Ayọ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan lè gbọ́ òtítọ́ kí ó sì dúró. Yóò wúwo díẹ̀ sí i, yóò sì jinlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní kú. Èkejì kò lè wà láàyè àfi bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́ síta. Ti àkọ́kọ́ tọ́ sí ènìyàn. Ti èkejì, odi ni òun fúnra rẹ̀, a sì kọ́ ọ fún iṣẹ́ kan náà tí a kọ́ àwọn odi ìṣáájú fún: kí àwọn kan wà nínú, kí àwọn kan sì wà lóde.

Àwọn bàbá wa wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fẹ́ fi kún un pé bí a bá ń yọ̀, ó yẹ kí a máa ríran pẹ̀lú. Wọ́n tún wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá olówó tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu ju bí ó ti bá ẹlẹ́sẹ̀ mu lọ. Ẹni tí ó ti gbogbo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ń gbọ́ orin tirẹ̀, tí ó ti inú ilé olódi kan bọ́ sí inú òmíràn, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí kò ṣe àwọn tí a san owó fún láti kí i, ó ti gbé odi tirẹ̀ dání wá. Ìrọ̀rùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn tí kò jẹ́ kí a rí ẹnìkejì wa, ó yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní agbègbè Gwynedd, níbi tí Caernarfon àti Harlech wà, ọ̀pọ̀ ilé etí òkun ni àwọn tí ń gbé ní ìlú mìíràn ti rà fún ìsinmi. Nítorí bẹ́ẹ̀ owó ilé ga, àwọn ọ̀dọ́ tí a bí síbẹ̀ kò sì rí ilé rà ní abúlé àwọn òbí wọn. Ní ọdún 2023 ìgbìmọ̀ agbègbè náà bu owó orí àwọn ilé ìsinmi bẹ́ẹ̀ sókè, tí àfikún rẹ̀ fi jẹ́ 150 lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i: ní ayé Edward, ará Wales lè wọ inú ìlú wá tajà ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò lè ní ilé níbẹ̀. Ní ayé òde òní, ọmọ ibẹ̀ lè gbé oúnjẹ fún àlejò ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́ kí ó ní ilé níbẹ̀. Kò sí ọba tí ó pa àṣẹ yìí; síbẹ̀ ẹni tí ó sùn síta kò mọ ìyàtọ̀.

Báwo ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dun jù ti ṣe? Wọn kò wó àwọn odi náà. Thomas Pennant, ọmọ Wales tí ó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò ní ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, yin títóbi Caernarfon, kò sì fi pamọ́ pé àmì ìtẹríba àwọn ènìyàn òun ni. Ó sọ ohun méjèèjì pọ̀, èkínní kò sì pa èkejì lẹ́nu mọ́. Lónìí, ọwọ́ Cadw, tí í ṣe ti ìjọba Wales fúnra rẹ̀, ni ìtọ́jú àwọn odi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn ni pípamọ́ tàbí títọ́jú. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ènìyàn 64 nínú ọgọ́rùn-ún ní Gwynedd ni ó wí pé àwọn lè sọ èdè Wales. Odi tí a kọ́ láti fi pa orílẹ̀-èdè kan mọ́lẹ̀ ti di ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń tún ṣe, èdè tí ọba ìgbà náà kò gbọ́ ni a sì ń sọ ní ẹnu ibodè rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbàgbé, wọn kò sì jẹ́ kí ìrántí sọ wọ́n di òkúta.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fi sílẹ̀ láìsọ, nítorí pé ó kan àwa fúnra wa. Ọmọ dúdú tí ó dúró níwájú Penrhyn lè na ìka sí ilé náà, ìka rẹ̀ kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó lọ sí Jàmáíkà kò ti inú ilé wọn bọ́ sínú ọkọ̀ òkun ní tààrà. Ẹnìkan mú wọn lójú ogun tàbí lójú ọ̀nà oko; ẹnìkan so wọ́n; ẹnìkan rìn wọ́n dé etí òkun; ẹnìkan gba ìbọn, aṣọ àti ọtí lórí wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Àwọn ọba àti ìjòyè tí ó là nínú òwò náà ní ààfin pẹ̀lú, a sì ń fi ìlù àti oríkì yẹ́ ìran wọn sí títí di òní. Òfin tí a fi ń wo ilé ẹlòmíràn ni kí a fi wo tiwa. Bí a bá bèèrè ní Penrhyn pé ta ni ó san owó ilé yìí, kí ẹnu wa má ṣe wúwo nígbà tí a bá dé ìlú wa.

Kí ni kí arìnrìn-àjò ṣe nígbà náà? Èkínní, kí ó bèèrè. Kí ó má ṣe jáde nínú ilé ńlá kankan láìmọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ẹni tí ó ru òkúta rẹ̀, àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ìbéèrè yìí kò gba ju wákàtí kan lọ nínú ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì, kí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ó kí àwọn ará ibẹ̀ ní èdè wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì. Kí ó ra oúnjẹ rẹ̀ ní ilé ìtajà abúlé. Bí ó bá wo Penrhyn ní òwúrọ̀, kí ó gòkè lọ sí Bethesda ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lè rí ibi tí a ti wa òkúta náà àti àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí ó wà á. Ẹ̀kẹta, kí ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ń fi àwòrán odi hàn àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó má ṣe sọ iye yàrá rẹ̀ nìkan. Kí ó dárúkọ Llanfaes, kí ó sì sọ nípa àwọn 764 tí kò gba kọ́bọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ẹrù yìí wúwo jù fún ìsinmi. Mo dáhùn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkun kò ní dínkù ní ẹwà nítorí pé a mọ orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ létí rẹ̀. Ẹni tí ó ń wo odi Beaumaris tí ó sì mọ̀ nípa ìwé Ọ̀gá James, ó ń rí ènìyàn 2,000 níbi tí ẹnìkejì rẹ̀ ti ń rí òkúta lásán. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó rí ohun tí ó pọ̀ jù fún owó rẹ̀? Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ní agbára àti lọ, kí ó lọ, kí ó sì yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó fi ojú rẹ̀ ríran, kí ó má sì jẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ẹnikẹ́ni síta, ìbáà ṣe òkú, ìbáà ṣe alààyè.